Ìjókòó ìrántí: bí a ṣe ń wá ìgbà èwe àti ayé ìṣáájú láìṣìnà

Ní Èkìtì, kò sẹ́ni tó ń bi Babátúndé tàbí Ìyábọ̀ léèrè ohun tí orúkọ rẹ̀ ń wí. Ìdílé ti sọ ẹni tó yà á kí ó tó dá rìn. Níbi ìjókòó ìrántí, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló máa wá a lọ. Yóò jókòó, ara rẹ̀ yóò rọ̀, ẹnìkan, tí a ó máa pè ní atọ́nà, yóò sì máa fi ìbéèrè tọ́ ọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: sí ọdún tó kọjá, sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sí ìgbà tó kéré jù tó lè rántí, àti, bí ó bá fẹ́, sí ayé tó ṣáájú èyí. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun lókè òkun ń pè é ní regression therapy. Àwọn kan máa ń lọ síbẹ̀ nítorí ẹ̀rù tí wọn ò mọ orísun rẹ̀, àwọn mìíràn nítorí àlá tó ń padà wá, àwọn yòókù kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Gbogbo ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: àwòrán ọkàn ni ohun tí èèyàn ń rí níbi ìjókòó. Ó lè jẹ́ ìrántí gidi, ó lè jẹ́ fíìmù tó wò lọ́mọdé, ó lè jẹ́ ìtàn tí màmá àgbà sọ nígbà tó ń tòògbé, ó sì lè jẹ́ gbogbo rẹ̀ tó ti pò pọ̀ mọ́ra wọn. Kì í ṣe mímọ́lẹ̀ àwòrán náà ló ń fi òótọ́ hàn, omijé kò sì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ lè fi ohun tí ẹ bá rí ronú nípa ara yín. Ẹ kò gbọdọ̀ fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Kò sì sí ẹ̀rí tó dájú pé ìjókòó yìí ń wo àrùn kankan, nítorí náà ẹ má fi rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún yín.

Àwọn tí kò yẹ kí wọ́n jókòó

Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí àrùn ọpọlọ ti mú rí débi pé kò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó rò, kò gbọdọ̀ ṣe é, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá. Ààlà tí àìsàn náà wó ni ìjókòó yìí máa ń mú fẹ́lẹ́ sí i. Ẹni tó ní wárápá gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè ná, torí pé mímí kíákíá léraléra lè ta gìrì jí lára àwọn kan. Ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, ẹni tí òfò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá, ẹni tó ti mutí, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18: ẹ má ṣe é fún wọn. Adó-Èkìtì àti Ìdó-Èkìtì ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ẹ mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú lọ síbẹ̀, kì í ṣe sọ́dọ̀ atọ́nà.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù ohun kan pàtó ni, bí ẹ̀rù omi tàbí ti ajá, ọ̀nà kan wà tó rọrùn tí ẹ̀rí sì wà fún, èyí ni kí ẹni náà máa súnmọ́ ohun náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún, títí ẹ̀rù á fi rọlẹ̀. Kò pọn dandan kí a mọ ìgbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lọ.

Àwọn tọkọtaya kan máa ń wá nítorí pé ọmọ ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá àbíkú ni. Kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ná. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe ní ìdá 25 nínú 100 kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìwé àyẹ̀wò yẹn yóò wúlò fún wọn ju ọgọ́rùn-ún ìjókòó lọ.

Ìpàdé àkọ́kọ́

Ẹ ṣe èyí ní ọjọ́ kan ṣáájú, fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ọ̀pọ̀ atọ́nà ló ń fò ó, ibẹ̀ sì ni ìjókòó ti ń bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó di ojú.

Ẹ yan ìbéèrè kan ṣoṣo. “Mo fẹ́ mọ ohun gbogbo nípa ayé mi” kì í ṣe ìbéèrè. “Irú ilé wo la gbé kí a tó kó wá sí Adó?” tàbí “Ìgbà wo ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù?” ni ìbéèrè.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kan, kí ẹni tó fẹ́ rántí kọ gbogbo ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà sí i: ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ìbí rẹ̀, ohun tí Ifá sọ níbi ẹsẹ̀ntáyé bí wọ́n bá ṣe é fún un, ẹni tí wọ́n ní ó yà á, fíìmù ogun tó ti wò, ìtàn tó kà ní sẹ́kọ́ńdìrì, fọ́tò àtijọ́ tó ti rí. Kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ìwé yìí ló máa gbà yín lẹ́yìn ọ̀la, torí pé èèyàn lè gbàgbé ibi tó ti gbọ́ nǹkan, kí nǹkan ọ̀hún sì kù lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló rí i.

Èyí tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Ní 1952, Morey Bernstein mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Virginia Tighe lọ sínú ìfarabalẹ̀ jinlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hypnosis. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ará Ireland, ó ní Bridey Murphy ni òun, pé wọ́n bí òun ní 1798 nítòsí Cork, òun sì kú ní Belfast ní 1864. Nígbà tí ìtàn náà di ìwé ní 1956, ariwo gba gbogbo ayé. Àwọn oníròyìn wá a kiri Ireland, wọn ò rí àkọsílẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ti Chicago ló wá rí i pé obìnrin kan tó ti Ireland wá, tó ń jẹ́ Bridie Corkell, gbé ní òdìkejì títì sí ilé tí Virginia gbé nígbà tó wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó ní obìnrin náà parọ́. Ká ní wọ́n ti bi í tẹ́lẹ̀ nípa àwọn aládùúgbò ìgbà èwe rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá má gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún fẹnu kò lórí àmì ìdádúró. Kí ẹni náà gbé ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún sókè. Bí ó bá ti gbé e, gbogbo ìbéèrè dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni atọ́nà, tí obìnrin sì ni ẹni tó ń rántí, kí ẹnì kẹta tó fọkàn tán wà nínú yàrá, kí ilẹ̀kùn má ṣe wà ní títì pa. Atọ́nà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi bí wọ́n bá ti jọ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ti ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, kí ó gbà á. Àmọ́ kí àdúrà náà má ṣe dárúkọ ọ̀tá, torí pé ọ̀tá tí a bá dárúkọ ṣáájú ìjókòó yóò fara hàn nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà jẹ́ ara iṣẹ́. Bí atọ́nà bá kéré sí ẹni tó ń rántí, “ẹ” ni yóò máa pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má ṣe rò pé nítorí Màmá ti padà sí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́kàn, ẹ lè yí i sí “ìwọ” lójijì. Ìbínú ló máa jí wọn. Kí ẹ bi wọ́n léèrè ní ìpàdé yìí: “Mà, kí ni wọ́n ń pè yín nílé nígbà tí ẹ wà ní kékeré? Ṣé kí n pè yín bẹ́ẹ̀?”

Ẹ bi wọ́n léèrè èdè náà. Ní 2000, Viorica Marian àti Ulric Neisser ṣe ìwádìí lórí àwọn tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé èdè tí wọ́n bá fi bi wọ́n ní ìbéèrè ló máa ń fa ìrántí ìgbà tí wọ́n ń sọ èdè náà jáde. Ẹni tó dàgbà ní Ìjerò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ẹ̀ka èdè Ìjerò bi í. Yorùbá ilé ìwé yóò gbé e lọ sí kíláàsì ni, kì í ṣe sí ẹ̀yìnkùlé.

Yàrá àti oúnjẹ

Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ló dára jù. Lásìkò òjò, ọ̀sán ni òjò sábà máa ń dé, bí ó bá sì ti ń rọ̀ lórí páànù, ẹ ò ní gbọ́ra yín mọ́. Ẹ wádìí ìgbà tí aládùúgbò máa ń tan jẹnẹrétọ̀. Àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì sàn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, torí oorun ni bẹ́ẹ̀dì mọ̀. Aṣọ ìbora fẹ́lẹ́ kan, kọ́ọ̀pù omi kan, ìwé àti bírò, àti fóònù kan tó máa gba ohùn sílẹ̀, tí ẹ ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀: wọ́n tó.

Ní ti oúnjẹ, kí ẹni náà jẹ nǹkan fúyẹ́ ní wákàtí méjì ṣáájú, bí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. A mọ bí ọ̀rọ̀ iyán ṣe rí ní Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ iyán wọ ìjókòó yìí, híhan orun nìkan ni ẹ máa gbà sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ó lọ tọ̀ kí ó tó jókòó.

Mímú ara rọ̀

Èyí máa ń gba ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí ó di ojú, kí ó fa èémí sínú fún kíkà 4, kí ó tú u síta fún kíkà 6, nígbà 10. Títú síta ló gbọ́dọ̀ gùn ju fífà sínú lọ, torí òun ló ń mú kí àyà lọ sílẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọ, ó ń mí jù nìyẹn. Kí ó padà sí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ara kọjá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ẹsẹ̀, ojúgun, itan, ikùn, ọwọ́, èjìká, àgbọ̀n, iwájú orí. Níbi kọ̀ọ̀kan, kí ó fún ẹran ara ibẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 7, kí ó tú u sílẹ̀ lójijì, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìlànà yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí oorun ń dá níyà pàápàá. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dùn, kí ó fo ibẹ̀.

Kí atọ́nà wá kà láti 10 sí 1, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀ jù. Kí ẹni náà máa fojú inú rí ibi tó fọkàn balẹ̀ sí. Òun ni yóò yan ibẹ̀: etí omi Ìkògòsì, abẹ́ igi ní oko bàbá rẹ̀, yàrá rẹ̀. Ẹ má yan àpáta Olósùnta fún ẹni tí ibi gíga ń bà lẹ́rù.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti já, tí èémí lọ sílẹ̀, tí ìdáhùn ń falẹ̀, ó ti tó. Bí ìdáhùn bá dáwọ́ dúró pátápátá, ó ti sùn. Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, kí ẹ ní kí ó fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀là. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ẹni tó wọ ibi jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè má padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò kàn sùn ni, yóò sì jí fúnra rẹ̀.

Ìgbà èwe

Ẹ má tètè sáré lọ sí ìfarabalẹ̀ jinlẹ̀ fún èyí. Bébà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni náà ya ilé tó gbé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá: ibi tí ilẹ̀kùn wà, ibi ìdáná, kànga, ibi tí wọ́n ń gúnyán, ibi tí ajá ń sùn. Ní àwọn ọdún 1980, Edward Geiselman àti Ronald Fisher ní Amẹ́ríkà to ọ̀nà kan jọ fún àwọn ọlọ́pàá láti fi bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, ó sì bá iṣẹ́ yìí mu dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà fi ọkàn padà sí ibi náà pẹ̀lú òórùn, ariwo àti ojú ọjọ́ rẹ̀. Kí ó sọ gbogbo ohun tó bá wá, kékeré àti ńlá, láìyọ ohunkóhun. Kí ó tún ìtàn náà sọ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ọ́ bí ẹni tó dúró sí ibòmíràn nínú yàrá náà. Sísọ ọ́ láti ẹ̀yìn wulẹ̀ ṣòro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ nǹkan tí ìtàn tó ti mọ́ni lẹ́nu máa ń bò mọ́lẹ̀.

Bí ó bá fẹ́ lọ síwájú nínú ìfarabalẹ̀, ẹ máa padà sẹ́yìn ní ìpele: oúnjẹ ọ̀sán àná ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn lè mọ́ iṣẹ́ náà lára. Lẹ́yìn rẹ̀, Kérésìmesì tàbí Iléyá tó kọjá, ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwé. Ẹ dúró ní ìpele kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 5.

Ìbéèrè ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. “Kí lẹ rí?” “Ta ló wà níbẹ̀?” “Kí ló tún ṣẹlẹ̀?” “Kí lẹ ń gbọ́?” Àwọn tó dára nìyẹn. “Ṣé bàbá yín ló ń bínú yẹn?” ti bàjẹ́, torí kò sí bàbá nínú àwòrán náà kí atọ́nà tó fi í síbẹ̀. Nígbà tí ẹni náà bá ní “mi ò rí nǹkan kan,” ìdáhùn tó pé ni. Ẹ má ṣe sọ pé “ẹ tún wò ó dáadáa.” Ẹni tó fẹ́ràn yín, tó sì ń bọ̀wọ̀ fún yín, yóò wá nǹkan rí fún yín.

Bí ó ṣe rọrùn tó láti gbin ìrántí rèé. Ní 1995, Elizabeth Loftus àti Jacqueline Pickrell gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún èèyàn 24 ní ìtàn pé wọ́n sọnù nínú ilé ìtajà ńlá nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Kò ṣẹlẹ̀ rárá. Àmọ́ mẹ́fà nínú wọn gbà pé ó ṣẹlẹ̀, tán tàbí díẹ̀, àwọn kan sì fi kún un. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni wọ ìfarabalẹ̀ kankan fún èyí. Ìtàn tí wọ́n ní ẹbí ẹni náà ló sọ ọ́ ti tó. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé fọ́tò ìgbà èwe síwájú ẹni náà lọ́jọ́ ìjókòó, kí ẹ má sì jẹ́ kí àǹtí tó mọ ìtàn ilé wà nínú yàrá. Ìjókòó ni ó ṣáájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni fọ́tò àti àǹtí.

Ẹ má wá nǹkan lọ sí ìsàlẹ̀ ọdún mẹ́ta. Ìrántí àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀, torí pé ibi tí ọpọlọ ń gbà pa ìtàn mọ́ kò tíì gbó nígbà yẹn, ọmọ kò sì tíì ní ọ̀rọ̀ tó máa fi dì í. Ẹni tó bá ní òun rí ọjọ́ tí wọ́n bí òun, tàbí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ òun, ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì kọ “àwòrán” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ayé ìṣáájú

Nígbà tí ẹni náà bá ti farabalẹ̀, kí ó fojú inú rí ọ̀nà kan tó wọ inú kùrukùru. Kí ó rìn ín. Bí kùrukùru bá ti ká, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: “Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Kí lẹ rí?” Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ atọ́nà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kò ní ìtàn nínú bí ojú ṣe ní in. Láti ẹsẹ̀, ẹ gun aṣọ, ẹ gun ọwọ́, ẹ wá bi í ní ilẹ̀ tó dúró lé. Ẹ má bi í ní orúkọ kíákíá. Orúkọ ni ọkàn ń tètè hun. Ìṣẹ́jú 30 ti tó fún apá yìí, gbogbo ìjókòó náà kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 90 lọ.

Ẹ kíyè sí irú ayé tó ń jáde. Àtúnwá tiwa nínú ìdílé ló ń ṣẹlẹ̀: bàbá àgbà ló ń yà ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìlànà àwọn òyìnbó ń gbé èèyàn lọ sí Íjíbítì àti Róòmù. Bí ọmọ Ìkéré kan bá wá rí ara rẹ̀ láàfin Fáráò, ibi tí atọ́nà ti kọ́ṣẹ́ ló ń rí. Ó sì ṣeé kíyè sí pé ọba àti balógun ló ń padà wá níbi ìjókòó. Ìwọ̀fà kì í sábà padà wá.

Ohun tí atọ́nà bá sọ ṣáájú ló ń darí ohun tí wọ́n ń rí. Ní 1991, Nicholas Spanos àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà sọ ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí wọn: àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún pé àwọn ọmọdé ayé àtijọ́ sábà máa ń jìyà, ìyà púpọ̀ ni wọ́n wá rí níbi ìjókòó ju àwọn tí wọn ò sọ fún. Ẹ má sọ ìtàn ẹlòmíràn fún ẹni tó fẹ́ jókòó.

Oríkì ìdílé náà ńkọ́? Ẹ má kì í ní apá yìí. Oríkì ti gbé ogun, iṣẹ́ àti ìlú àwọn baba ńlá lọ́wọ́. Bí ẹ bá ki ẹni tó ti farabalẹ̀, inú oríkì ni yóò rìn, yóò sì pè é ní ayé rẹ̀.

Bí ìran ikú bá yọ, ẹ má gbé e wọ inú rẹ̀. Ẹ ní kí ó wò ó láti òkèèrè, bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí ó fò ó.

Bí ìbẹ̀rù bá dé

Ẹkún díẹ̀ kò burú. Ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó sun ún. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí èémí ń sáré, tí ó ń pariwo, ẹ dá ìtàn náà dúró. Ẹ pe orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, kí ẹ sọ ibi tó wà àti ọjọ́ tí ó jẹ́: “Mà, Adó lẹ wà, ọjọ́ Àbámẹ́ta lónìí, ẹ la ojú.” Kí ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń rí nínú yàrá, kí ó mu omi. Ẹ má gbọ̀n ọ́n lójijì, ẹ má da omi sí i lójú, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹ̀mí èṣù jáde. Ìbẹ̀rù tó bá pàdé ariwo yóò di ìlọ́po méjì. Bí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, tàbí tí kò lè sùn fún alẹ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lọ rí dókítà.

Èyí tó léwu jù kì í pariwo, ìyẹn ni nígbà tí ẹni náà bá rí ojú ẹni tó mọ̀. “Àǹtí mi ló di orí mi mú.” “Ọkọ òru ni mo rí, ó jọ bàbá tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa.” Ní ilẹ̀ wa, gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè di àjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó di òkúta ní ọjọ́ kejì, orí ìyá arúgbó ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Kí atọ́nà má ṣe fi “bẹ́ẹ̀ ni” sí i, kí ó má sì bi í ní àlàyé. Kí ó sọ pé, “Mo gbọ́. Àwòrán ni. A ó kọ ọ́ sílẹ̀,” kí ó sì kọjá. Orúkọ èèyàn tó wà láàyè kò gbọdọ̀ kúrò nínú yàrá náà. Ẹ yẹra fún atọ́nà tó bá ní òun rí ẹni tó ń dà yín láàmú, tí ó sì ní kí ẹ san owó ìjókòó méje láti fi já a.

Pípadà

Ẹ kà láti 1 sí 5. Ní 3, kí ó mi ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ní 5, kí ó la ojú. Ibí yìí ni ẹ lè ti kì í, bí ó bá fẹ́. Ó ń dùn mọ́ni láti gbọ́ oríkì ẹni nígbà tí ojú ń là, kò sì ní ba nǹkan jẹ́ mọ́. Kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú omi. Kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà tàbí wa ọkọ̀ fún ìdajì wákàtí.

Láàárín wákàtí kan, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìgbọ́ ohùn tó wà nínú fóònù. Ẹ fa ìlà méjì sórí bébà kí ó lè pín sí mẹ́ta: ohun tí mo rí; ibi tí mo ti lè gbọ́ ọ; ohun tí a lè yẹ̀ wò. Ẹ gbé ìwé ìpàdé àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti kún apá kejì.

Fún apá kẹta, àwọn ọjọ́ kan wà tó rọrùn láti fi yẹ ìtàn wò níbí. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Ṣáájú rẹ̀, pọ́n-ùn, ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ là ń ná. Apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Ìpínlẹ̀ Òǹdó la wà láti 1976. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni Èkìtì di ìpínlẹ̀. Ilé ìwé Christ’s School ní Adó bẹ̀rẹ̀ ní 1933. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká kúrò ní bùdó. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ lẹ́yìn Fábùnmi, jagunjagun ogun náà, ní Òkè-Mẹsí, tó sì ń ná náírà lọ́jà, ti dáhùn fúnra rẹ̀.

Bí ọjọ́ bá bá ara wọn mu, kò tíì di ẹ̀rí, torí ohun tí ẹ bá lè rí nínú ìwé, òun náà ti lè rí i níbẹ̀. Lọ bá àgbà ilé tí kò gbọ́ nípa ìjókòó náà. Ẹ má sọ ohun tí ẹ rí fún wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ ní kí wọ́n sọ bí ilé ṣe rí nígbà náà, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ tiyín, “bẹ́ẹ̀ náà ni, ọmọ mi” ni ẹ máa gbọ́, torí àgbà kì í fẹ́ dójú ti ọmọ.

Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló ń sọ ọ́

Ọmọ mìíràn yóò kàn là ẹnu rẹ̀ láàárín eré pé, “Ilé mi kọ́ nìyí, ìyàwó mi wà ní Ìkòlé.” Ian Stevenson, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Virginia, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó wà láàárín àwọn Igbo ní Nàìjíríà. Àárín ọdún méjì sí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dákẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Òun tó gba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ kò fọkàn tán ohun tí ìfarabalẹ̀ jinlẹ̀ ń mú jáde lẹ́nu àgbàlagbà.

Ẹ má mú ọmọ jókòó. Ẹ má nà án, ẹ má sì pe aládùúgbò wá gbọ́. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ sí i, ẹ gbọ́. Bí ó bá padà sídìí eré, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí ẹ bá mọ ìdílé tó ń dárúkọ, ẹ má mú un lọ síbẹ̀ kí ìwé tó wà nílẹ̀, torí lẹ́yìn tí àwọn ìdílé méjèèjì bá ti jọ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí ọmọ sọ yàtọ̀ sí ohun tí àgbà fi kún un mọ́.